Àwọ̀ Ojú Tíṣà Oríọlá

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà! Kò tíì gbẹ."

Àǹtí Agnes fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Bébà tó ń jáde lẹ́nu prínńtà náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìlà tín-ín-rín mẹ́jọ ló yẹ kó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún íńkì kọ̀ọ̀kan. Babájídé gbé e sójú fèrèsé, ó kà á. Méje ló pé. Ìlà kẹjọ, èyí tó yẹ kó pupa, ṣí sílẹ̀ káàkiri bí eyín arúgbó.

"Majẹ́ńtà ni," ó wí. "Íńkì pupa yẹn ni kò wá dáadáa."

"Kí ló fà á?"

"Ohun mẹ́ta ló lè fà á, mà. Ó lè jẹ́ pé íńkì ti tán nínú káátíríìjì. Ó lè jẹ́ pé ihò tí íńkì ń gbà jáde ti dí. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wọ—"

"Ohun mẹ́ta, ohun mẹ́ta!" Àǹtí Agnes pàtẹ́wọ́. "Bí mo bá ní kí o wo ìta bóyá òjò ń rọ̀, ohun mẹ́ta ni wàá sọ fún mi. Ọ̀la ni wọ́n ń ṣí aṣọ lójú fọ́tò yìí ní Oǹdó o, Jídé. Aago méjì ọ̀sán."

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Agnes wà ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, ibi tó ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń wáṣẹ́ ìjọba láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Tòkunbọ̀ ni prínńtà ńlá náà. Ó gùn tó àga ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wúwo jù ú lọ. Nígbà tí ojúlówó íńkì rẹ̀ di ọ̀wọ́n, Àǹtí Agnes da aṣọ bò ó, oṣù mẹ́jọ ló sì fi wà bẹ́ẹ̀ bí òkú ọlọ́lá tí wọn ò tíì dá ọjọ́ ìsìnkú fún.

Babájídé ló ṣí aṣọ kúrò. Físíìsì ló kà ní yunifásítì, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ tí yóò jókòó tì láìtú u. "Mà, káátíríìjì kì í ṣe ẹ̀mí," ó ti bẹ̀ ẹ́ títí. "Ìgò ni. Ìgò tó bá sì ṣófo, ṣebí a máa ń rọ nǹkan sí i ni."

Àǹtí Agnes gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀. "Iṣẹ́ ńlá kan ni mo fún ẹ láti fi dán an wò. Bó bá dára, ìwọ lo ni àkóso prínńtà. Bó bá bàjẹ́, mo tà á fún ọkùnrin kan ládùúgbò Ìjàpọ̀ tí kò jẹ́ kí n gbádùn lórí rẹ̀, kí ìwọ náà lọ gba iṣẹ́ tíṣà tí bàbá rẹ bá ẹ wá sí Ìlú-Àbò."

Iṣẹ́ ńlá náà nìyí: fọ́tò Tíṣà Wúràọlá Oríọlá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó. Àwọn ọmọ tó kọ́ níwèé nígbà náà ti kọ́ gbọ̀ngàn síbẹ̀ lórúkọ rẹ̀, fọ́tò tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ni wọ́n sì fẹ́ kọ́ sára ògiri. Jídé fúnra rẹ̀ ló lọ yà á. Màmá náà ti bá a wí lẹ́ẹ̀mejì pé kò mọ kámẹ́rà dì mú.

Jídé yọ káátíríìjì majẹ́ńtà, ó mì í létí. Kò dún.

"Ó tán ni. Kò le rárá, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ibi tí fìrísà àtijọ́ kan wà, irú èyí tí wọ́n ń ṣí láti òkè. Iná kì í wà tó bí ohunkóhun á ṣe dì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń tutù níwọ̀nba, íńkì ò sì fẹ́ ooru. Ibẹ̀ náà ni Precious, ọmọbìnrin tó ń ta sóbò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ń kó omi ìṣápá rẹ̀ sí. Irú ìgò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò: ìgò omi oníke tí wọ́n ti fọ̀. Kí nǹkan má baà dàrú, Jídé ti kọ lẹ́tà gàdàgbà sórí ìdérí ìgò íńkì kọ̀ọ̀kan. Ó ní òkè lèèyàn ń wò tó bá ṣí fìrísà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí ìdérí, kì í ṣe ara ìgò. Àǹtí Agnes ti yìn ín lọ́jọ́ náà. "Ìwé wúlò," ó wí.

Jídé mú ìgò tí wọ́n kọ M sórí ìdérí rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ sírínjì fà á, ó rọra tú u sínú ihò orí káátíríìjì, ó sì fi rọ́bà dí i padà. Ó kún bámúbámú, ṣùgbọ́n prínńtà kọ̀, ó ní òfìfo ni.

"Ó kún, ó tún ní ebi ń pa òun?" ni Àǹtí Agnes bi í.

"Irin kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ló ń ka íńkì, mà. Kò ríran, ìṣirò nìkan ló mọ̀. A ní láti mú kó gbàgbé ni." Ó tẹ nǹkan kékeré kan mọ́ irin náà títí iná ara rẹ̀ fi tàn, prínńtà sì gbà.

Ó fọ ihò íńkì lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kẹjọ jáde gbọọrọ, kò gé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jídé ní bí íńkì tuntun yẹn ṣe rí nìyẹn.

Àǹtí Agnes ṣọ imú. "Kí ló ń ta sánsán bí atalẹ̀ níbí?"

"Precious ni, mà." Ọ̀fìnkìn ti dí Jídé nímú láti ọjọ́ Ajé, kò gbóòórùn kankan.

"Ẹ máa kó gbogbo nǹkan lé mi lórí o!" Precious ké láti ìta. "Mi ò tíì se nǹkan kan lónìí!"

Fọ́tò náà lo ogójì ìṣẹ́jú kó tó jáde tán. Gèlè búlúù ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì lẹ́yìn gíláàsì, tí wọ́n ń wo èèyàn bí ẹni tó mọ̀ pé o ò ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ. Àwọ̀ ara Màmá náà tutù minimini, ó pọ́n díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí. Àǹtí Agnes fọwọ́ bo ẹnu.

"Áà! Jídé! Ó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀!"

"Mo ti wí fún yín, mà."

"Ká a kí eruku tó bà lé e. Ká a báyìí báyìí." Ó gbọ̀nà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn láti sọ fún Precious àti gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Jídé fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú, ó ká a sínú páìpù páálí, ó sì dí ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá gbé e, ó bá èèrà tò lọ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ojú fèrèsé dé ara prínńtà, àwọn kan sì ti ń yí páìpù páálí náà ká. Ó gbọ̀n wọ́n dànù. Ohun mẹ́ta ló lè fà á, ó sọ fún ara rẹ̀: ọyẹ́, tàbí ọ̀rinrin, tàbí búrẹ́dì tí Àǹtí Agnes jẹ. Kò lákòókò láti ronú lé e. Ó bá ọkọ̀ Oǹdó lọ.

Wọn ò tíì dé Òwénà tí obìnrin tó jókòó tì í, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń rìn bọ̀ láti Ìkàrẹ́, ti ń gbá ọrùn ara rẹ̀ lábàrá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn? Ṣúgà ni?"

"Fọ́tò ni, mà."

"Fọ́tò?" Obìnrin náà mú èèrà kan kúrò ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó wò ó. "Fọ́tò ta ni, tó dùn tó báyìí?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Jídé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì Kìtán, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó kàwé nílé-ẹ̀kọ́ náà, ti ń dúró dè é nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin olórí funfun ni, ó wọ agbádá, ó mú ìwé ètò ọjọ́ náà dání. Férémù ńlá ti wà lára ògiri, aṣọ aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò fi bò ó. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, káàbọ̀! Jẹ́ ká rí i. Jẹ́ ká rí Mísíìsì wa."

Wọ́n tú páìpù. Wọ́n tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì, Jídé di ìsàlẹ̀ mú, Ọ̀gbẹ́ni Kìtán ṣí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò láti òkè. Gèlè búlúù náà dára. Lẹ́yìn náà ni ojú yọ.

Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kìtán.

Láti iwájú orí dé àgbọ̀n, Tíṣà Oríọlá ti di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe ewé tútù pàápàá, ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ ni. Ètè rẹ̀ dúdú lọ sí búlúù. Èèrà mẹ́ta ń rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìkánjú.

"Kí lẹ fi Mísíìsì ṣe?" Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Kìtán ti di ti ọmọdé.

"Sà, ohun mẹ́ta ló lè—"

"Mi ò bi ọ́ ní ìṣirò! Mo ní kí lẹ fi í ṣe!" Ó yí tábìlì ká. Ó ti fèrèsé kan, ó padà wá wò ó. Ó ti èkejì. "Bí a bá ti gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Tí a pa iná?"

"Wọ́n á ṣì rí i, sà."

"Bí a bá gbé e lọ sókè pátápátá, lẹ́bàá àjà?" Ó tún wò ó. "A lè sọ pé àrà ìgbàlódé ni. Pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn."

"Ṣé Màmá á gbà, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Kìtán jókòó. "Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo ti ní ọmọ-ọmọ márùn-ún. Mo ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ẹ̀rù obìnrin yìí ṣì ń bà mí."

Fóònù Jídé dún. Àǹtí Agnes ni.

"Jídé! Ṣé wọ́n ti gbé e kọ́?"

"Wọ́n… wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mà."

"Ó dáa. Wàhálà ti dé síbí o. Díákónì Ọlọ́runníyì ra sóbò lọ́wọ́ Precious láàárọ̀ yìí, ó gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan péré. Ahọ́n rẹ̀, eyín rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa fòò! Ó ti fi omi yọ ẹnu nígbà mẹ́wàá, kò lọ."

Ohùn ọkùnrin kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀: "Mi ò gbé e mì! Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò gbé e mì! Èmi tí mo fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ lọ́la!"

"Íńkì wa ni!" ni Àǹtí Agnes ń wí. "Precious ti mú íńkì wa tà fún èèyàn Ọlọ́run! Mo ti ní kó kó gbogbo ìgò rẹ̀ kúrò nínú fìrísà mi, kó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọ tí mo gbà láàyè láti ọjọ́ yìí! Jídé? Ò ń gbọ́ mi?"

Jídé ń gbọ́ ọ. Àmọ́ nǹkan mìíràn lọkàn rẹ̀ ń tò jọ. Bí íńkì bá wà lẹ́nu Díákónì, kí ló wà nínú prínńtà? Atalẹ̀. Ṣúgà. Èèrà. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́Bọ̀ padà wá sí i lójú: ìgò majẹ́ńtà wà lórí tábìlì, ó ń wọn ohun tó kù nínú rẹ̀. Precious wọlé pẹ̀lú ìgò sóbò kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Jídé, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, ẹnu ń korò mí, mi ò mọ̀ bóyá ó dùn." Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Òun ló tọ́ ọ wò. Òun ló ní ó dùn dáadáa. Òun náà ló dé ìgò méjèèjì padà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgò ò mọ ẹni tó ni ìdérí. Àwọn ìgò náà kò ní àmì kankan lára.

"Mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì… mi ò gbọ́ yín dáadáa," ó wí, ó sì pa fóònù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò ṣe nǹkan kan.

Ó ká fọ́tò náà padà. "Sà, ẹ jẹ́ ká lọ fi han Màmá kí aago méjì tó lù."

"Àwa?" Ọ̀gbẹ́ni Kìtán dìde, ó tún jókòó. "Mo lè mú ọ dé ẹnu géètì."

Ilé Tíṣà Oríọlá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kìtán dúró sẹ́nu géètì lóòótọ́. Màmá náà ti múra tán, ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, gèlè búlúù kan náà wà lórí rẹ̀. Jídé dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Dìde. Ìwọ ni ò mọ kámẹ́rà dì mú yẹn. Kí lo gbé?"

Jídé tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Màmá náà tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Ta ni èyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyí ni, àbí bí mo ṣe máa rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú. Ohun mẹ́ta ló lè fa irú—"

"Mú èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́ta náà, kí o fi méjì tó kù sílẹ̀."

Jídé gbọn èèrà kan kúrò lórí fọ́tò náà. "Sóbò ni, mà. A fi sóbò tẹ ojú yín."

Ojú Màmá náà kò yẹ̀. Jídé sọ gbogbo rẹ̀: fìrísà, ìgò, ẹnu Díákónì. Nígbà tó dé ibi èèrà inú ọkọ̀, ejìká Màmá náà ti ń mì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín síta.

"Ó yé mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n pupa ni sóbò. Kí ló dé tí mo fi di ewé?"

"Ìyẹn ló kù tí mi ò mọ̀, mà! Nígbà tó jáde lánàá, ó dára. Inú páìpù ló ti yí padà. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí oòrùn, kò sí ohunkóhun—"

"Ṣé o ti fọ aṣọ rí?"

"Mà?"

"Aṣọ funfun. Sóbò dà sí i, o sáré fi ọṣẹ kàn án. Kí lo rí?"

Jídé la ẹnu sílẹ̀. Ó rí i: ẹ̀wù funfun tó wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n jáde ní yunifásítì, bí àbàwọ́n náà ṣe di búlúù lábẹ́ ọṣẹ, tó tún fẹ́ di ewé. "Ó yí padà, mà! Ó yí padà lójú ẹsẹ̀!"

"Kí ni wọ́n fi pa bébà yín tó fi ń dán báyìí?"

"Nǹkan bí ẹfun ni, mà… Áà!" Ó ti gbàgbé ibi tó wà. "Ẹfun ń ṣe sóbò bí ọṣẹ ṣe ń ṣe é! Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn lánàá! Mà, bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó yẹ kó padà di pupa! Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ wà nílé, mà?"

"O ò ní fún ọsàn sí mi lójú," ni Tíṣà Oríọlá wí. "Ọdún mélòó lo lò ní yunifásítì?"

"Ọdún mẹ́rin, mà. Wọn ò kọ́ wa ní aṣọ fífọ̀."

Nígbà náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn tó mú kó yọ gíláàsì láti nu ojú. Nígbà tó fi í padà, ojú tó ń béèrè iṣẹ́ àmúrelé ti dé.

"Ta ló dé ìgò náà lódìlódì?"

Jídé wo kápẹ́ẹ̀tì. "Èmi ni, mà."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ọmọ tó ń ta sóbò ńkọ́, ta ni wọ́n ní ó jẹ̀bi?"

Jídé bẹ̀rẹ̀ sí í ká fọ́tò náà. Màmá náà kò tún béèrè. Ó na ọwọ́ sí i. "Gbé mi dìde. Wọ́n ń retí wa."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn ọkùnrin apárí àti àwọn obìnrin tó ń gbé ọmọ-ọmọ jókòó gbọnrangandan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yẹ èékánná wọn wò. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kìtán, tí òógùn ti bo ojú rẹ̀, wò yíká bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn, ó sì fa aṣọ aró náà wálẹ̀.

Férémù òfìfo ló yọ. Ògiri tuntun ni wọ́n rí nínú rẹ̀.

Ariwo ńlá sọ. Tíṣà Oríọlá gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ pa rọ́rọ́. "Fọ́tò ò tíì ṣe tán," ó wí. "Ọmọ tó ṣe é wà níbí. Dìde, kí o sọ fún wọn bí o ṣe sọ fún mi. Kí o má kánjú."

Jídé dìde. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù òfìfo náà. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ sóbò, bàbá kan níwájú fi fìlà bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. Nígbà tó dé ti Díákónì, gbogbo gbọ̀ngàn ti dà rú. Ìyá kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Mísíìsì, ṣé ẹ ṣì dùn bẹ́ẹ̀?" wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó tó," ni Tíṣà Oríọlá wí. "Ọjọ́rú ló ń mú òmíràn bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú mi lónìí, èmi nìyí. Kó wá wò ó dáadáa, mi ò ní gba owó."

Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tò lọ síwájú láti kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Kìtán ló ṣáájú, àyà rẹ̀ ti balẹ̀ wàyí, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òótọ́ ló dára jù.

Fóònù Jídé tún dún. Ó jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta.

"Ó ti pẹ́ tí mo ń pè ẹ́!" ni Àǹtí Agnes wí. "Ṣé wọ́n ti ṣí i? Kí ni wọ́n wí?"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, Jídé ń gbọ́ ìró ìgò tí ń kan ara wọn nínú abọ́ irin, ó sì ń gbọ́ ẹnì kan tó ń fa ikun símú. Precious ló ń kó ẹrù rẹ̀. Àǹtí Agnes ti dá ẹjọ́ náà tán, kò sẹ́ni tó máa tún un dá. Bí Jídé bá ní fọ́tò dára, ó lè tún un tẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kó gbé e wá sí Oǹdó ní Ọjọ́rú, kí Àkúrẹ́ má mọ ohunkóhun.

"Mà," ó wí, "ẹ ní kí Precious dúró ná."

"Kó dúró ṣe kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kì í ṣe òun. Èmi ni."

Ìró ìgò dúró. "Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo pààrọ̀ ìdérí ìgò. Ní ọjọ́Bọ̀, nígbà tí mo bá a tọ́ sóbò wò. Sóbò ni mo rọ sínú prínńtà. Fọ́tò náà bàjẹ́, mà. Ojú Màmá di ewé. Mo ti sọ fún un, mo ti sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn, wọ́n sì ń retí tuntun. Ẹ̀yin ló kù."

Nígbà tí inú bá bí Àǹtí Agnes, Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sá fún un, ti ilé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ló kù. "Uṣẹ́ mi," Jídé gbọ́ tó ń wí lábẹ́lẹ̀. "Uṣẹ́ mi o." Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí àga han, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé e lójijì. Ó dúró. Kò ṣàlàyé kankan sí i. Ó ń wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń jáde láti gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń nu omijé ẹ̀rín, ó sì ń ronú bí Ìlú-Àbò ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Jídé."

"Mà."

"Precious ní kí n sọ fún ẹ pé kò sí ohun tó ṣe òun." Àǹtí Agnes mí kanlẹ̀. "Irọ́ ló ń pa, ó ń sunkún. Wàá bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Kí o sì bẹ Díákónì."

"Mo gbọ́, mà."

Jídé gbọ́ tó ń ṣí ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Fọ́tò tuntun tí o dájọ́ fún wọn, ìgbà wo ni?"

"Ọjọ́rú, mà."

"Láàárọ̀ ni, àbí lọ́sàn-án?"